DVD Copie conforme tí mo rà torí Juliette Binoche

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti wo DVD fíìmù Copie conforme yìí láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó ṣì ń wù mí wò. Torí Juliette Binoche, òṣèrébìnrin ará Faransé, ni mo ṣe rà á. Paris ni wọ́n bí i sí, àmọ́ obìnrin yẹn ò jókòó sójú kan o, ó bá ará Poland ṣe fíìmù, ó bá ará Taiwan ṣe, ó bá ará Japan ṣe, ipa tó fi Gẹ̀ẹ́sì kó nínú The English Patient ló sì gba Oscar fún un ní 1997. Èyí tí mò ń sọ yìí, Abbas Kiarostami, ará Ìráànì, ló darí ẹ̀, Tuscany ní Ítálì ni wọ́n ti yà á, òun ló sọ Binoche di òṣèrébìnrin tó dáa jù ní àjọ̀dún fíìmù Cannes ní 2010.

Obìnrin kan tó ń ta nǹkan àtijọ́, tí Binoche ṣe, ló fi mọ́tò gbé òǹkọ̀wé kan tó wá láti ìlú ọba jáde, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, wọ́n ń jiyàn bóyá àdàkọ iṣẹ́ ọnà lè níyì bí ojúlówó. Wọ́n dé ilé kọfí, ọkùnrin jáde lọ gba fóònù, ìyá tó ni ibẹ̀ wá rò pé ọkọ Binoche ni, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Ítálì bá a sọ̀rọ̀ ọkọ, Binoche ò sì jiyàn, Ítálì náà ló fi ń dá a lóhùn. Látìgbà yẹn ni òun àtọkùnrin yẹn ti di tọkọtaya tó ń jà, Binoche bọ́ sí Faransé, ọkùnrin náà sì gbè é lẹ́sẹ̀! Mo dá a dúró, mo dá a padà sẹ́yìn. Bó ṣe ń yí èdè ni ojú ń yí, tí èjìká ń yí. Èmi tí mò ń sọ Gẹ̀ẹ́sì níbi iṣẹ́ tí màmá mi á wá pè mí lórí fóònù, mo mọ nǹkan yẹn dáadáa.

William Shimell tó ṣe ọkùnrin yẹn, akọrin ọpẹ́rà ni, ara ẹ̀ gan díẹ̀ lójú tèmi. Èyí tó bí mi nínú jù ni ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ tó ń hàn nísàlẹ̀ lórí DVD tí mo rà, ó kéré, ó funfun, oòrùn sì pọ̀ nínú fíìmù náà débi pé ẹ ò ní rí i kà nígbà míì, kò sì sọ èdè tí wọ́n ń sọ fún yín, etí yín lẹ máa fi mọ̀ ọ́n.

Síbẹ̀, ẹ rà á. Ibì kan wà tí Binoche wọ ilé ìtọ̀ ilé oúnjẹ lọ, ó kojú sí kámẹ́rà bíi pé dígí ni, ó kun ètè ní pupa, ó fi yẹtí sétí, kò sọ èdè kankan. Ó jáde wá, wáìnì ni ọkùnrin ń bínú sí, kò tiẹ̀ rí i.