“Israel in Egypt” ní Guildhall: òkúta gidi, ìlú àfọkànrò

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Íjíbítì àtijọ́ ṣe rí gan-an, kó má wulẹ̀ yọ ara rẹ̀ lẹ́nu lórí Israel in Egypt, àwòrán tí Edward Poynter, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yà ní 1867, níbi tí àwọn ẹrú ọmọ Ísírẹ́lì ti ń fa ère kìnnìún ńlá lórí kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń tú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ palẹ̀, èyí gan-an ni kí ẹ lọ wò. Guildhall Art Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù ló wà, ọ̀fẹ́ sì ni ìwọlé.

Fífẹ̀ rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 317, gíga rẹ̀ jẹ́ 137 péré. Bí ẹ bá sún mọ́ ọn jù, èrò tó ń fa kìnnìún nìkan lẹ máa rí. Ẹ fà sẹ́yìn tó mítà mẹ́rin, kí ẹ wá máa wo àwọn ilé lọ́kọ̀ọ̀kan: píràmíìdì ńlá Giza, òpó òkúta ṣóńṣó ti Heliopolis, ẹnu ọ̀nà tẹ́ńpìlì Edfu, tẹ́ńpìlì Philae. Gbogbo wọn wà lóòótọ́, wọn ò kàn sí lójú kan ni. Ẹ̀bá Káírò ni Giza wà, Philae wà lọ́hùn-ún ní Aswan. Ti àkókò tún wá burú jù: nǹkan bí ọdún 2560 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n kọ́ píràmíìdì náà, ọdún 237 ṣáájú ìbí Kristi ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tẹ́ńpìlì Edfu, lábẹ́ àwọn ọba tó ṣẹ̀ wá láti Gíríìkì. Fáráò inú Ẹ́kísódù ti kú tipẹ́ kí òkúta kan tó dúró níbẹ̀.

Kìnnìún náà ńkọ́? British Museum ló ti wá. Méjì ni wọ́n níbẹ̀, gíránáìtì pupa, ti Fáráò Amenhotep Kẹta, tí Lord Prudhoe fi ta wọ́n lọ́rẹ ní 1835. Gíga wọn kò ju mítà kan àti díẹ̀ lọ. Poynter ló sọ tirẹ̀ di arabaríbí.

Kẹ̀kẹ́ abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò jù. Nínú ibojì Djehutihotep, ìjòyè kan láyé àtijọ́, ní Deir el-Bersha ní Íjíbítì, àwọn ará Íjíbítì ya bí wọ́n ṣe ń gbé ère ńlá: orí pákó tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀ ni wọ́n gbé e lé, ènìyàn 172 ń fà á ní ọ̀wọ́ mẹ́rin, ẹnì kan sì ń da omi síwájú rẹ̀. Iyanrìn tó rin níwọ̀n máa ń dín agbára tí wọ́n nílò kù sí bí ìdajì. Bó bá gbẹ, á wọ́jọ síwájú pákó. Bí omi bá pọ̀ jù, á rọ̀. Kẹ̀kẹ́ tó ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀ yóò rì ni.

Wọ́n ní ẹ̀ńjíníà John Hawkshaw, ẹni tó ra àwòrán náà, sọ pé àwọn tó ń fà á kò tó, ni Poynter bá fi kún wọn. Ó ka èèyàn, kò ka kẹ̀kẹ́ sí!

Ẹ kọ́kọ́ dé British Museum wo kìnnìún kí ẹ tó lọ sí Guildhall. Bí ẹ bá ti mọ ìwọ̀n rẹ̀ gan-an, ojú ẹsẹ̀ lẹ máa rí ibi tí ayàwòrán ti bù mọ́ ọn.