BOYA BY-M1: máìkì tó yẹ kẹ́ ẹ rà kẹ́ ẹ tó ra kámẹ́rà

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi fóònù ya fíìmù, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ máìkì yìí fún yín, torí ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí ọmọ tó mọ ìtàn kọ, tó mọ eré ṣe, àmọ́ tá ò gbọ́ nǹkan táwọn òṣèré ẹ̀ ń sọ. Àwòrán tó ṣókùnkùn díẹ̀, èèyàn á ṣì wò ó. Ohùn tí ò já gaara, wọ́n á pa á kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Fíìmù Tangerine tó jáde lọ́dún 2015, iPhone 5s ni wọ́n fi yà á lóòótọ́, àmọ́ wọn ò fi fóònù yẹn gba ohùn, máìkì gidi ni wọ́n lò. Apá ti fóònù nìkan làwọn èèyàn máa ń sọ ṣáá.

BOYA BY-M1 lèmi ń lò. Èyí tí wọ́n ń há mọ́ àyà aṣọ ni, wáyà ẹ̀ gùn tó mítà 6, ó ní fóòmù kékeré tí wọ́n fi ń bò ó lórí, àti bátìrì roboto LR44 kan. Owó ẹ̀ ò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó kámẹ́rà tẹ́ ẹ ń dájọ lé lórí. Kì í ṣe pé ó dáa ju gbogbo máìkì lọ o, bó ṣe sún mọ́ ẹnu òṣèré ló ń gbè é, fóònù lè wà lọ́ọ̀ọ́kán kí máìkì ṣì wà lábẹ́ àgbọ̀n. Bọ́tìnnì kan wà lórí wáyà ẹ̀: tó bá jẹ́ fóònù lẹ fẹ́ lò, ẹ tì í sí smartphone, kò ní jẹ bátìrì. Tó bá jẹ́ kámẹ́rà, ẹ tì í sí camera, kẹ́ ẹ sì dá a padà tẹ́ ẹ bá ṣe tán kí bátìrì má kú.

Fóònù tí ò ní ihò íápíìsì mọ́ máa nílò àdápútọ̀, ìyẹn wáyà kékeré tí wọ́n fi ń so máìkì mọ́ ihò cháájì, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti fìyà jẹ mí. Oníṣọ́ọ̀bù kan ta ọ̀kan fún mi, ó ní ó ń gbé máìkì, mo gbà á gbọ́, a ya eré ní odindi ọ̀sán, àfìgbà tí mo délé tí mo rí i pé fóònù ò tiẹ̀ mọ̀ pé máìkì wà níbẹ̀, etí ara ẹ̀ ló fi ń gbọ́ wa látòkèèrè, jẹ́nẹ́rétọ̀ aládùúgbò sì bo gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ṣe ìyá nínú eré yẹn sunkún gidi lọ́jọ́ náà, omijé tó ń bọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹnu mi ò gbà á láti ní kó tún un sun. Látìgbà yẹn, inú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń dán an wò: ẹ ki máìkì bọ àdápútọ̀, ẹ ya fídíò díẹ̀, kẹ́ ẹ fi èékánná ha orí máìkì jẹ́jẹ́, kẹ́ ẹ wá gbọ́ ọ padà. Tí híha yẹn ò bá dún ketekete, ẹ má sanwó.

Aṣọ lẹ máa bá jà jù. Léèsì àti aṣọ òkè máa ń ha máìkì tí òṣèré bá ti mira, ańkárá tí wọ́n ti fọ̀ dáadáa ló dákẹ́ jù. Pílásítà ojú egbò ni mo fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́nú aṣọ, màá ká wáyà bí òrùka lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ ẹ̀ kó má baà máa fà á. Tí òṣèré bá máa sáré tàbí jà, ẹ ki máìkì bọ fóònù kejì, ẹ fi fóònù yẹn sápò ẹ̀, kó máa gba ohùn, kẹ́ ẹ wá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà. Pàtẹ́wọ́ yẹn lẹ máa fi mú ohùn àti àwòrán bára wọn tẹ́ ẹ bá dórí CapCut, ìyẹn áàpù tí wọ́n fi ń ṣe ẹ́díìtì fídíò. Èèyàn méjì tó jókòó ńkọ́? Ìhà gbogbo ni máìkì yìí ti ń gbọ́ ohùn, ẹ fi pamọ́ sáàárín wọn. Àárín tòmátì inú abọ́ la fi tiwa sí, kò sẹ́ni tó rí i.

Ẹ pa fíríìjì o, kẹ́ ẹ fi kọ́kọ́rọ́ ilé yín sínú ẹ̀ kẹ́ ẹ má baà gbàgbé láti tàn án padà, ẹ fi fóònù sí airplane mode, kẹ́ ẹ tún gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, torí ẹ máa fi dí àlàfo nígbà ẹ́díìtì.

Nínú 10, mo fún un ní 8. Kò níbi tẹ́ ẹ lè ki íápíìsì bọ̀ kẹ́ ẹ máa gbọ́ ọ bó ṣe ń lọ, ìyẹn gba 1, wáyà tó ń kọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀ gba 1 tó kù.