Ilé aláró kan ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun tó ń kọ́ aṣọ tó bàjẹ́ sójú ọ̀nà

Ẹ̀yin èèyàn mi, pàápàá ẹ̀yin télọ̀ ẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ̀ ń rán àdìrẹ fún kọ́sítọ́mà l'Óṣogbo, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ ilé aláró kan fún yín. Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun ni wọ́n wà, kò sí sáìnbọ́ọ̀dù níwájú wọn, màmá tó ni ibẹ̀ náà ò sì fẹ́ kí n gbé orúkọ òun sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti bèèrè ibi tí wọ́n ń kọ́ aṣọ tó bàjẹ́ síta, wọ́n á júwe ẹ̀ fún yín.

Bẹ́ẹ̀ ni o, aṣọ tó bàjẹ́. Tẹ́ ẹ bá wọlé báyìí, wọ́n ta okùn kan lápá òsì, kò sí aṣọ kan tó dáa lórí ẹ̀. Olókun (bátànì àdìrẹ kan) tí aró ti gba abẹ́ ẹ̀kọ tí wọ́n fi yàwòrán sí i kọjá tí ẹ ò lè dá iṣẹ́ ara ẹ̀ mọ̀ mọ́ wà níbẹ̀, èyí tí àbẹ́là tí wọ́n yọ́ ò gbóná tó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ wà níbẹ̀. Wọ́n lẹ pépà mọ́ ìkọ̀ọ̀kan. Mo ka ọ̀kan: "Ẹ̀kọ ò tíì gbẹ ká tó rì í. Òjò ń bọ̀, a kánjú." Òmíì: "Ìdérí hydros wà ní ṣíṣí mọ́jú, agbára ẹ̀ ti lọ, aró ò mú." (Hydros ni kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ aró kó lè wọ aṣọ.) Kò sí orúkọ ọmọ iṣẹ́ kankan lára pépà yẹn, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ni.

Àdìrẹ ò wọ́n ní ìlú wa, ẹ̀yin náà mọ̀, láti 1983 tí Mama Nike Okundaye ti dá ibùdó iṣẹ́ ọnà tiwọn sílẹ̀ níbí, àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ aró pọ̀ káàkiri, èyí tó le ni kéèyàn mọ èyí tí kò ní ṣí. Mo ti ra tẹnìkan rí tó ṣí sára léèsì funfun kọ́sítọ́mà mi, nígbà tí mo padà lọ bá a ó ní ọṣẹ la fi fọ̀ ọ́, ó tún ní bóyá omi wa ni, kò tiẹ̀ gbé aṣọ náà wò. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, ohun tó bà á jẹ́ lónìí náà ló máa bà á jẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ojú mi rí níbí. Mo jókòó tí mò ń dúró de aṣọ mi, ọmọbìnrin kan fa aṣọ méjì jáde látinú ìkòkò kan náà, àwọ̀ ewéko ni wọ́n kọ́kọ́ ní, tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i á wá máa di dúdú díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kan dú dáadáa. Ìkejì ò dú, ó ṣá bí aṣọ tí wọ́n ti fọ̀ fún ọdún mẹ́ta. Ọmọ yẹn ò wẹ̀yìn, ó gbé e lọ bá ọ̀gá ẹ̀ tààrà: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ wá wo eléyìí, kò mu aró." Màmá ò pariwo. Wọ́n ní, "Sọ gbogbo ohun tó o ṣe fún mi láti àárọ̀." Àwọn yòókù fi iṣẹ́ sílẹ̀ wọ́n wá gbọ́. Ó sọ ọ́ tán, kò sí ibi tó ti ṣì í. Màmá wá fa òwú kan yọ létí aṣọ náà, wọ́n ṣáná sí i, dípò kó di eérú kó máa rùn bíi pépà tó jó, ó yọ́, ó ká jọ, ó le gbagidi. Polyester wà nínú ẹ̀ nìyẹn, wọ́n sì tà á fún wọn pé kọ́tìn ni. Màmá ní lójú gbogbo wa, "Èmi ni mo rà á tí mi ò dán an wò. Láti òní lọ, bọ́ńdù aṣọ tó bá wọlé, ẹ ó kọ́kọ́ jó òwú ẹ̀." Aṣọ yẹn náà bọ́ sórí okùn.

Ó wú mi lórí gan-an, nítorí mo mọ bó ṣe ń rí ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tiwa. Ọmọ iṣẹ́ tó bá gé apá aṣọ ṣì á ti ki í bọ abẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, torí ó mọ̀ pé èébú ń bọ̀ tàbí kí wọ́n ní kí ìyá ẹ̀ wá sanwó, ọmọ kejì á tún gé e bẹ́ẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀ torí kò sẹ́ni tó sọ fún un. Nílé náà, ọmọ tó gba òdo nínú ìṣirò tó sì mọ̀ pé ẹgba ń dúró dè é, ìwé yẹn ò ní délé. Ìtàn ìlú tiwa gan-an, gbangba la ń sọ ọ́, pé Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn tó tẹ ìlú dó gé igi, igi wó sódò, Ọ̀ṣun sì ké pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Kò sẹ́ni tó fi ìkòkò tó fọ́ yẹn pamọ́ fáwọn ọmọ. Èmi náà ti ta okùn sí ṣọ́ọ̀bù mi o, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló ń kọ pépà ẹ̀ fúnra wọn.

Aṣọ wọn ńkọ́? Kì í ṣí. Mo ti rẹ ẹ́ pọ̀ mọ́ funfun, omi ẹ̀ mọ́. ₦18,000 ni wọ́n ta ọ̀pá 5 fún mi, ó ju tọjà lọ díẹ̀, kò dùn mí. Èyí tó ń dùn mí ni pé wọ́n máa ń pẹ́, tí òjò bá ti ń rọ̀ wọn ò ní rì í rárá títí ẹ̀kọ á fi gbẹ, ẹ bẹ̀ wọ́n títí wọn ò ní gbà, wọn ò sì ní POS, cash tàbí transfer ni, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdúgbò yẹn ò sì dáa. Òórùn aró ibẹ̀ náà le, ẹni tó ní asthma kó rán ẹlòmíì.

Àárọ̀ ni kẹ́ ẹ lọ, ẹ máa bá wọn lẹ́nu iṣẹ́. Tó bá jẹ́ aṣọ ẹbí fún ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ lẹ fẹ́ ṣe, ẹ tètè san àsansílẹ̀ láti oṣù kẹfà, torí tó bá ti wọ oṣù keje wọn kì í gba iṣẹ́ mọ́.