Ẹ̀rọ germanium yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di òpùrọ́

Ẹ̀rọ tó ń ka ìtànṣán gámà ni. Bí kírísítálì germanium inú rẹ̀ ṣe tóbi tó wà lára páálí, n ò ní tún un sọ. Ọ̀rọ̀ cesium ọjọ́ Ẹtì ló gbé mi dìde.

Uranium la gbé jáde nínú rìákítọ̀, a fi kẹ́míkà yọ cesium inú rẹ̀ sọ́tọ̀. Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ yìí mọ̀ pé eré sísá ni. Cesium-139 tí mò ń wá, ẹ̀yà cesium kan tó ń tú ìtànṣán, kì í tó ìṣẹ́jú 10 tí ìdajì rẹ̀ fi ń lọ. Kò sí “ó di ọ̀la” níbẹ̀. Mo gbé àwo rẹ̀ sún mọ́ ẹ̀rọ, mo fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kà á. Òkè gámà 1283 keV (keV la fi ń wọn agbára ìtànṣán) yọ nínú àwòrán ẹ̀rọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí abẹ́rẹ́. Inú mi dùn, mo fi iye rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi. Ìgbà tí mo sún àwo náà sẹ́yìn tí mo tún un kà, tí mo ṣírò méjèèjì padà sí aago kan náà, ti àkọ́kọ́ dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá!

Mo pe àwọn tó tà á. Ọmọkùnrin kan ní, “Ẹ pa á, kí ẹ tún un tàn, sà.” Mo pa á, mo tàn án. Mo tún pè. “Ṣé iná wọ inú rẹ̀ dáadáa, sà?” Ṣé ẹ̀rọ tí iná ò wọ̀ ló ń ka gámà fún mi? Nígbà kẹta, orin ni wọ́n fi dá mi lóhùn fún ìṣẹ́jú 22. Cesium mi ti dín sí ìdajì lẹ́ẹ̀mejì kí ènìyàn tó fọhùn.

Obìnrin ni. Kò bá mi sọ̀rọ̀ iná rárá. “Èló ni dead time yín nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀, sà? Nígbà tí ẹ parí ńkọ́?”

Dead time ni ìdá àkókò tí ẹ̀rọ ò lè ka ìtànṣán tuntun, torí ó ṣì ń ka èyí tó ti wọlé. Mo wo ìwé mi: 55%, lẹ́yìn náà 20%.

“Aago ẹ̀rọ yẹn gbà pé bákan náà ni ìtànṣán ń rọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìgbà tí cesium yín pọ̀ jù gan-an ló ń fo púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìgbà tó ti rọlẹ̀ ló wá ń rí i dáadáa.”

Ẹnu mi wọhò. Ó ní ètò kan wà nínú ẹ̀rọ náà tó ń dá iye tó fò padà lójú ẹsẹ̀, àmọ́ pípa ni wọ́n ń pa á kó tó kúrò nílé iṣẹ́. Ó tún béèrè ohun tó wà láàárín àwo àti fèrèsé ẹ̀rọ. Kò sí nǹkan kan. “Bétà yín, ìyẹn àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí cesium ń tú jáde, ń gba ibẹ̀ wọlé nìyẹn. Ẹ fi ike tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2 dí i.” Mo ní ṣé kí n fi òjé. “Ẹ má fi òjé o! Bétà tó bá kọlu òjé, X-ray ló máa bí fún yín.”

Ní Ọjọ́rú, a tún un ṣe. Iye méjèèjì bára mu wẹ́kú. Ilẹ̀ abẹ́ òkè gámà náà sì mọ́ tónítóní. Obìnrin yẹn fúnra rẹ̀ ló pè láti béèrè bó ṣe rí.

Àmọ́ inú ìwé ìlò, ìlà kan péré ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ ètò yẹn, lẹ́yìn pátápátá, lábẹ́ ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń nu ẹ̀rọ. Ọ̀gá mi ṣì ń fi iye àkọ́kọ́ yẹn ṣe mí ní yẹ̀yẹ́.

Ìràwọ̀ 2 nínú 5. Ẹ má wulẹ̀ béèrè bóyá mo fẹ́ tà á, n ò tà.