Lexus GX 470 tàbí Prado D-4D? Àgbéyẹ̀wò jíìpù ńlá àlòkù méjì fún ẹni tó ń gbé Àkúrẹ́

Ẹni tó bá ń wá jíìpù ńlá àlòkù, ohun tó kọ́kọ́ máa ń béèrè ni pé èwo ló ń jẹ epo jù. Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Epo kọ́ ló ń jẹ́ kí jíìpù jókòó sí ọgbà mẹkáníìkì fún oṣù mẹ́ta. Nọ́súlù tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìn ni, jíà ni, rédíétọ̀ ni. Méjì ni mo mú wá síbí nítorí pé ọmọ ìyá ni wọ́n: Lexus GX 470 ti ọdún 2003 sí 2009, tó ń lo bẹntiróòlù, àti Toyota Prado 120 tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì, ẹ́ńjìn D-4D lítà 3. Orí férémù Prado ni Toyota ti kọ́ Lexus náà, ọ̀pọ̀ ohun tó wà lábẹ́ wọn ló sì bára mu.

Ní tèmi, GX 470 ló yẹ ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò ju Alágbàká, Ọjà Ọba, Ìjàpọ̀ àti FUTA lọ. Prado dísẹ́ẹ̀lì yẹ ẹni tó ń lọ Ìkàrẹ́, Ìbàdàn tàbí Èkó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó ní ilé epo kan tó fọkàn tán, tó sì mọ mẹkáníìkì tó ní sikánà (ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ) tó mọ èdè Toyota. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá sọnù, kó fi dísẹ́ẹ̀lì sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò epo náà kíákíá. GX 470, V8 lítà 4.7, máa ń jẹ bíi lítà 16 fún kìlómítà 100, ó sì lè kọjá bẹ́ẹ̀ nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ọjà Ọba. Prado D-4D máa ń jẹ bíi lítà 10 sí 11. Ẹ fi 1,000 náírà ṣe àpẹẹrẹ lítà bẹntiróòlù kan: kìlómítà 100 gba 16,000 náírà. Bí dísẹ́ẹ̀lì bá jẹ́ 1,500, lítà mẹ́wàá ààbọ̀ gba 15,750. Kò sí èrè gidi kan níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 1,200, owó náà á wálẹ̀ sí 12,600, ẹni tó ń rin kìlómítà 2,000 lóṣù á sì rí 68,000 náírà pamọ́. Ìlànà rẹ̀ ni pé bí dísẹ́ẹ̀lì bá ti wọ́n tó ìlọ́po kan ààbọ̀ bẹntiróòlù, ẹ má torí epo rà á. Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ní 2023 ni iye rẹ̀ kò ti dúró lójú kan, torí náà iye tí ilé epo àdúgbò yín ń tà á lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ rà ni kí ẹ fi ṣírò. Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè iye tí nọ́súlù Prado mẹ́rin ń jẹ́, kí ẹ wo oṣù mélòó ni èrè orí epo máa fi san án.

Nọ́súlù yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ Prado D-4D. Orúkọ ẹ́ńjìn náà ni 1KD-FTV. Abẹ́ nọ́súlù kọ̀ọ̀kan ní wáṣà bàbà kan tó ń sé iná mọ́ inú sìlíńdà. Bí wáṣà bá jò, èéfín iná á máa yọ́ wọ ibi tí ọ́ìlì wà, á sì sọ ọ́ìlì di èédú. Èédú náà á já sílẹ̀ sínú àwo ọ́ìlì, á dí asẹ́ tí pọ́ńpù fi ń fa ọ́ìlì. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń gun òkè, tí ẹ́ńjìn nílò ọ́ìlì jù, ni iná ọ́ìlì máa tàn. Bí awakọ̀ kò bá pa ẹ́ńjìn lójú ẹsẹ̀, ó ti nọ́ọ̀kì nìyẹn. Wáṣà tí owó rẹ̀ kéré ló pa ẹ́ńjìn odindi, mo sì gbà pé òun ló pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn 1KD tí wọ́n ń sọ pé “dísẹ́ẹ̀lì ló bà á jẹ́”.

Torí náà, àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ wo Prado, kí ẹ sì sọ fún olówó ọkọ̀ kó má tan iná sí i kí ẹ tó dé. Ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì: tó bá ti gbóná, wọ́n ti fẹ́ fi nǹkan pamọ́ fún yín. Ẹ tan án, kí ẹ tẹ́tí. Dísẹ́ẹ̀lì máa ń pariwo, àmọ́ ìró kíkankíkan tó ń jáde láti ojú kan ṣoṣo kì í ṣe ti dísẹ́ẹ̀lì, ti nọ́súlù ni. Ẹ ṣí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí nígbà tí ẹ́ńjìn ń ṣiṣẹ́: afẹ́fẹ́ díẹ̀ kò burú, èéfín tó ń tú jáde ṣùù burú. Nígbà tó bá ti gbóná dáadáa, kí mẹkáníìkì fi sikánà wo iye àtúnṣe tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń ṣe fún nọ́súlù kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti kọjá 3, ìbáà jẹ́ sókè tàbí sísàlẹ̀, ti ń kú lọ. Bí gbogbo rẹ̀ bá dára tí owó sì ti fẹ́ kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ san owó iṣẹ́ kí wọ́n tú àwo ọ́ìlì sílẹ̀, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo asẹ́ yẹn. Olówó ọkọ̀ tó bá kọ̀ jálẹ̀ ti dá yín lóhùn.

Ẹni tó bá máa pààrọ̀ nọ́súlù gbọ́dọ̀ mọ̀ pé nọ́súlù kọ̀ọ̀kan ní kóòdù tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fi sikánà tẹ kóòdù náà sínú kọ̀ǹpútà ọkọ̀. Mẹkáníìkì tó bá kàn dè é mọ́lẹ̀ tó ní ó ti parí, kò tíì parí. Bí ọkọ̀ bá sì ń fà sẹ́yìn tàbí tó ń kú lójijì, kí wọ́n wo SCV, fáàfù tó ń díwọ̀n epo, tó wà lára pọ́ńpù kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ nọ́súlù. Owó rẹ̀ kéré gan-an sí ti nọ́súlù.

Omi inú epo ni ọ̀tá kejì. Dísẹ́ẹ̀lì inú jálá ẹ̀bá ọ̀nà kò yẹ fún ẹ́ńjìn yìí rárá, ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ àtijọ́ lè fara dà á, nọ́súlù 1KD kò lè fara dà á. Ẹ máa tú omi kúrò nísàlẹ̀ fílítà epo lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà òjò: ẹ yí kọ́ọ̀kì rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó dà sínú ike títí epo tó mọ́ fi máa jáde, kí ẹ tó tì í. Fílítà fúnra rẹ̀, mo máa ń dámọ̀ràn kìlómítà 10,000, ohun yòówù kí ìwé ọkọ̀ sọ.

Ẹni tó bá fojú sí Prado tó tẹ̀lé 120, tó wá láti Yúróòpù, kó béèrè bóyá ó ní DPF, ìyẹn asẹ́ tó ń gba èédú inú èéfín. Ìrìn gígùn lórí eré ló ń jẹ́ kí DPF jó ẹ̀gbin inú rẹ̀ dànù. Alágbàká sí Ọjà Ọba kò lè ṣe é.

GX 470 kò ní ọ̀ràn nọ́súlù yìí, ìdí nìyẹn tí ọkàn mi fi balẹ̀ sí i jù fún ìlú. Mẹkáníìkì tó mọ V8 náà pọ̀ sí i, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì bá Land Cruiser 100 àti Sequoia ti ìgbà náà mu. Bẹ́líìtì táímìn ni ohun àkọ́kọ́. Lexus ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní máìlì 90,000, ìyẹn bíi kìlómítà 145,000. Máìlì ni ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ Amẹ́ríkà ń kà, ẹ má ṣì í kà sí kìlómítà. Bí kò bá sí ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ fẹ́ san. Bẹ́líìtì yìí ló ń yí pọ́ńpù omi, torí náà ẹ pààrọ̀ pọ́ńpù àti tẹ́ńṣọ́nà tó ń mú bẹ́líìtì le pọ̀ mọ́ ọn, kí ẹ má bàa san owó iṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Bó bá ń dún tí-tí-tí nígbà tó tutù, tí ìró náà sì lọ lẹ́yìn tó gbóná, mánífóòdù, páìpù tó ń kó èéfín jáde lára ẹ́ńjìn, ló ti ya. Kì í pa ẹ́ńjìn, ó kan jẹ́ ohun tí ẹ lè fi dín owó kù. Ẹ̀yìn GX ń lo báàgì afẹ́fẹ́ dípò sípíríìngì. Ẹ gbé e sókè, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ wò ó lẹ́yìn tó bá ti sùn mọ́jú. Bí ìdí rẹ̀ bá wọlẹ̀, báàgì ti jò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi sípíríìngì rọ́pò rẹ̀, mo sì fara mọ́ ọn fún ọ̀nà wa. Ní ti bíréèkì, ẹ pa ẹ́ńjìn, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ léraléra títí tó fi máa le, kí ẹ wá ṣí kọ́kọ́rọ́ láì tan ẹ́ńjìn. Ẹ ó gbọ́ mọ́tò kékeré kan. Kó dákẹ́ láàárín bíi ìṣẹ́jú-àáyá 40. Bí kò bá dákẹ́, ẹ̀yà ara olówó gọbọi ni ẹ fẹ́ rà yẹn.

Àwọn méjèèjì: ẹ ṣí rédíétọ̀ nígbà tó tutù. Omi pupa tàbí pínńkì tó mọ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Àwọ̀ ìpẹtà túmọ̀ sí omi kàǹga fún ọdún púpọ̀. Bó bá dà bíi wàrà, ọ́ìlì jíà ti dà pọ̀ mọ́ omi, jíà náà ti ń lọ. (Nissan Pathfinder 2005 sí 2010 ló lórúkọ jù fún èyí.) Ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀, kí ẹ fi òòlù kékeré kan férémù, pàápàá lẹ́yìn, nítorí iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà yìnyín ní Amẹ́ríkà máa ń jẹ ẹ́. Ọ̀dà dúdú tuntun lórí férémù àtijọ́ yẹ kó fu yín lára.

Fún ìdánwò, ọ̀nà Ìdànrè ni mo yàn, nítorí ó ní títẹ́ àti gíga. Ẹ tan AC, ẹ gun òkè, kí ẹ máa wo ọwọ́ ìgbóná: kò gbọdọ̀ kúrò ní àárín. Jíà kò gbọdọ̀ fò tàbí kó gbọ̀n. Ẹ ti dífù àárín (ẹ̀rọ tó ń pín agbára fún táyà iwájú àti tẹ̀yìn) pa lórí ilẹ̀ rírọ̀, kí iná rẹ̀ sì tàn. Èyí tí wọn kò lò fún ọdún púpọ̀ máa ń gan.

Ìwé wá kù. VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà bíi GX, ìkẹwàá rẹ̀ ni ọdún: 3 jẹ́ 2003, 9 jẹ́ 2009, A jẹ́ 2010. VIN tó wà ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àti férémù gbọ́dọ̀ bára mu, kó sì bá ìwé aṣọ́bodè mu. Láti oṣù kìíní 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba ẹnubodè orí ilẹ̀, ọkọ̀ àlòkù tó ti lé ní ọdún 12 kò sì yẹ kó wọlé mọ́. GX 470 tó kẹ́yìn jẹ́ ti 2009, ó ti kọjá ọdún 12. Ẹni tó bá ní tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni tòun, ẹ ní kó fi ọjọ́ tó wà lórí ìwé owó aṣọ́bodè ọkọ̀ náà hàn yín, kí ẹ tó tú owó sílẹ̀.