Warband tàbí Dynasty Warriors 9 Empires: èwo ni kí ẹ náwó sí?

Ọmọ àbúrò ìyá mi gbé láptọ́ọ̀pù kan wá bá mi láti Ajílosùn, níbí l'Ádó-Èkìtì. Igun rẹ̀ kan ti là, sẹ́lótéèpù ló dì í mú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, géèmù tí èèyàn á fi jagun, tí á tún fi gba ìlú onílùú, èwo ni kí n rà?" Owó ọwọ́ rẹ̀ ò lè ra ju ẹyọ kan lọ, orúkọ méjì ló sì ń dà á láàmú.

Àkọ́kọ́ ni Mount & Blade: Warband, tí ilé iṣẹ́ TaleWorlds ní Ankara, ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì, gbé jáde lóṣù kẹta ọdún 2010. Ìkejì ni Dynasty Warriors 9 Empires ti Koei Tecmo, àwọn ará Japan. Ní ìparí ọdún 2021 ló jáde lọ́dọ̀ wọn, àwa yòókù rí i lóṣù kejì ọdún 2022. Àfikún ni wọ́n ń pe àwọn méjèèjì: Warband jẹ́ àfikún sí géèmù ọdún 2008, Empires sì jẹ́ àfikún sí ti ọdún 2018. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ra ìyá kí ẹ tó ra ọmọ, ẹ má dá a lóhùn. Kálukú wọn ló dá dúró.

Ní ti ìjà, wọn ò jọra rárá. Nínú Empires, alágbára lẹ jẹ́ láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ẹ lè jẹ́ Lu Bu tàbí Guan Yu, àwọn jagunjagun ilẹ̀ Ṣáínà tó gbé ayé lóòótọ́ ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, ẹ sì lè ṣẹ̀dá ojú ara yín kí ẹ fún un ní idà. Ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, ogún èèyàn á fò sókè bí ìràwé inú ọyẹ́. Ìlẹ̀kùn odi ìlú ni gbogbo ogun dá lé: ẹ fọ́ ọ, ẹ wọlé, ẹ mú ọ̀gá wọn.

Nínú Warband, ẹ ò jẹ́ nǹkan kan. Ẹṣin kan, idà kan tí kò mú, ó tán. Àwọn ọlọ́ṣà tó ń ju òkò lójú ọ̀nà lè là yín mọ́lẹ̀, kí wọ́n kó yín nígbèkùn, kí owó yín sì bá wọn lọ. Bí idà bá ń bọ̀ láti òsì, òsì lẹ gbọ́dọ̀ ti dí. Bó bá ń bọ̀ látòkè, òkè ni. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kọ́ ọ, ìbínú ló kọ́kọ́ fi kọ́ mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ na ọ̀kọ̀ lórí ẹṣin tó ń sáré tí mo sì bá ọkùnrin kan láyà, mo dìde lórí àga.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gan-an ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ rà á fi ojú sí. Nínú Empires, oṣù ni wọ́n fi ń ka àkókò, iṣẹ́ kan lẹ máa yàn lóṣù: ẹ kó oúnjẹ jọ, ẹ kó ọmọ ogun jọ, ẹ bá aládùúgbò ṣe àdéhùn, tàbí ẹ gbógun tì í. Bí ẹ bá ṣẹ́gun, àwọ̀ ibẹ̀ yí padà lórí máàpù. Ó dáa, ó yá, kò sì gba ọgbọ́n púpọ̀.

Nínú Warband, ìgbà tí ẹ bá gba odi ni wàhálà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá ti di ọba, ta lẹ máa fún? Bí ẹ bá fún ìjòyè kan, méjì á bínú. Ẹni tó bínú jù lè kó ara rẹ̀ àti odi rẹ̀ lọ bá ọ̀tá. Ọmọ ogun ń gbowó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹran àti búrẹ́dì ń tán nínú àpò, wọ́n á máa kùn, wọ́n á máa sá. Ìjọba mẹ́fà ló wà níbẹ̀. Àwọn Rhodok ni mo máa ń bá ṣe: ará òkè, aláṣíborí pẹ̀lú ọ̀kọ̀ gígùn, tí wọ́n já ara wọn gbà lọ́wọ́ àwọn Swadia ẹlẹ́ṣin. Ọmọ Èkìtì wo ni kò ní fẹ́ràn wọn? Fábùnmi pa ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn l'Ókè-Ìmẹ̀sí lọ́dún 1878, Èkìtì Parapọ̀ dìde, ó sì di ọdún 1886 kí wọ́n tó tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà. Ẹni tó bá mọ̀ bó ti nira tó láti mú ọba mélòó kan dúró sójú kan nínú ogun Kírìjì, á mọ ohun tí Warband ń ṣe fún orí èèyàn.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Warband kò jẹ́ kí ẹ fi ibi tí ẹ bá géèmù dé pamọ́ (save) láàárín ogun. Mo ti fi wákàtí kan àbọ̀ palẹ̀ mọ́ láti gba odi kan, àwọn èèyàn mi ti tò sórí àkàbà (àkàbà kan ṣoṣo, gbogbo wọn ń ti ara wọn, àbùkù géèmù náà nìyẹn), iná lọ, bátìrì mi sì ti kú tipẹ́. Empires rọrùn díẹ̀ níbẹ̀, torí ogun rẹ̀ kì í pẹ́, ẹ sì lè fi í pamọ́ láàárín oṣù sí oṣù. Àmọ́ PS4, ẹ̀rọ géèmù tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, ò ní bátìrì, jẹnẹrétọ̀ lẹ máa tan.

Ẹ̀rọ ló máa pinnu fún ọ̀pọ̀ yín. Warband ò tó GB kan, RAM GB kan sì tó o. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tí ẹ rà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣetán á gbé e. Empires fẹ́ kọ̀ǹpútà tó ní gíráfíìkì gidi, tàbí PS4, Xbox, Switch. Ní ti owó, nǹkan bí 20 dọ́là ni Warband lórí Steam, ìsọ̀ géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì máa ń já wálẹ̀ gan-an nígbà ẹ̀dínwó. Empires jáde ní 60 dọ́là. Ohun kan ló gbè é: ẹ lè rí díìsìkì rẹ̀ tòkunbọ̀, kí ẹ sì tún un tà bó bá sú yín. Ti Steam ò ṣeé tà. Warband náà wà lórí PS4 láti 2016, àmọ́ ẹ má rà á níbẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà ni àwọn mod ọ̀fẹ́ (àtúnṣe tí àwọn tó ń ta géèmù náà fúnra wọn ṣe sí i) wà, àwọn ni kò jẹ́ kí ó gbó.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ jókòó ní méjì níwájú tẹlifíṣọ̀n kan, kò sí èyí tó gbà yín nínú méjèèjì. Ẹ̀yin tí ojú yín ń wá ẹwà, Warband á já yín kulẹ̀: ojú àwọn èèyàn inú rẹ̀ dà bí ère amọ̀ tí òjò pa. Wọ́n ní iyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́. Ti Warband ò tíì pé ogún, ó ṣì ń jó mi. Bannerlord tó tẹ̀ lé e lẹ́wà jù ú lọ, ṣùgbọ́n 60 GB ni, mi ò sì mọ ẹni tí dátà rẹ̀ ń ṣe irú ìyẹn lóru ọjọ́ kan.

Fún ọmọ Ajílosùn, Warband ni mo ní kó rà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ní PS4, tó ń ti ibi iṣẹ́ dé lálẹ́ tó kàn fẹ́ fọ́ ìlẹ̀kùn kan kó tó sùn, Empires tòkunbọ̀ ni tirẹ̀. Bí ẹ bá ra Warband sórí ẹ̀rọ tó ti gbó, ẹ wọ ibi ètò kí ẹ dín iye ọmọ ogun ojú ogun kù kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni jà. Bí ẹ bá gbọ́ tí fáànù láptọ́ọ̀pù ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta, ẹ tún dín in kù.