Àwọn tó bá wa fi ọ̀dà ẹ̀pọ́ksì kun ilẹ̀ ilé ìtẹ̀wé wa ní Ṣómólú: ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún

Iṣẹ́ wọn dáa, mo fọwọ́ sọ̀yà. Ilẹ̀ tí mò ń sọ yìí, ínkì ń já sí i látàárọ̀ dalẹ́, kẹrosíìnì tí wọ́n fi ń fọ rólà ń kán sí i, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé pépà sì wúwo kọjá ohun téèyàn ń sún, tẹ́ ẹ bá fi ọ̀dà lásán kun irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ tó máa ṣí. Tiwa ti la àkókò òjò kọjá, ó ṣì ń dán, kẹrosíìnì dà sí i a nù ún, kò sí àpá kankan. Ẹ̀pọ́ksì náà ni wọ́n fi kun ti ilé ìtẹ̀wé kan ládùúgbò wa o, ó sì ti ń bó báyìí. Ohun tí mo fẹ́ yìn lára àwọn ọmọ yìí ni pé wọ́n mọ ìgbà tí kò yẹ kí wọ́n kùn ún.

Ẹ mọ Araldite, túbù méjì tá a máa ń pò pọ̀ ká tó fi lẹ nǹkan? Ẹbí kan náà lòun àti ẹ̀pọ́ksì. Agolo kan jẹ́ résìn, èkejì jẹ́ hádínà tó ń mú un le, inú hádínà yẹn ni kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní àmáìnì wà. Ọ̀dà ara ògiri máa ń gbẹ torí pé omi tàbí tínà inú ẹ̀ fẹ́ lọ, èyí ò rí bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì ló ń so kọ́ra. Résìn ní òrùka kéékèèké lára, háídírójìn tó wà lára àmáìnì ló máa ń já òrùka yẹn, ibi tó bá ti já ni wọ́n á ti so mọ́ra, háídírójìn kan fún òrùka kan, títí gbogbo ẹ̀ á fi di odindi kan tí iná gan-an ò lè yọ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tí òdiwọ̀n fi ṣe pàtàkì. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ fi hádínà kún un kó lè tètè gbẹ, ẹ sá fún un jàre, torí àmáìnì tí ò rí òrùka so mọ́ á kàn jókòó sínú ẹ̀ ni, á máa fa omi, ilẹ̀ á sì rọ̀. Àwọn tiwa gbé sìkéèlì wá, wọn ò fojú díwọ̀n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Èkó ti wọ̀ ọ́ wá nìyí. Àmáìnì yẹn ò dá résìn nìkan mọ̀, ó tún máa ń bá omi àti kábọ́ǹ-dàìọ́ksáìdì inú afẹ́fẹ́ lò pọ̀, tí ilẹ̀ bá tutù tí afẹ́fẹ́ sì lọ́rinrin, èyí tó wà lókè pátápátá á di nǹkan ọlọ́ràá kan tó funfun ràkọ̀ràkọ̀, tó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, blush làwọn oníṣẹ́ ń pè é. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ló ń fọ̀ ọ́ kúrò, ẹ gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó fi sánpépà kàn án, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ńṣe lẹ máa rin ín wọlé. Ohun tó ba ti aládùúgbò wa jẹ́ gan-an nìyẹn, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n kùn ún lẹ́yìn òjò, ilẹ̀ mọ́ ó ti ń lẹ̀, ẹni tó ń ṣe é ní kò sí nǹkan kan, ó kun èkejì lé e lórí, èkejì ò sì rí ohun tó máa dì mú, ẹsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ló ń ká a kúrò báyìí.

Àwọn tiwa gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wọn ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wá, wọ́n fi òmíràn wọn ooru ilẹ̀ fúnra ẹ̀. Òfin iṣẹ́ náà ni pé kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ má ju 85% lọ, kí ilẹ̀ sì fi 3°C ó kéré tán gbóná ju ibi tí ìrì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ lọ. Ẹ wá bá mi ṣírò ẹ̀: tí afẹ́fẹ́ bá jẹ́ 30°C tí ọ̀rinrin jẹ́ 85%, nǹkan bíi 27°C ni ìrì ti ń sẹ̀, ìyẹn ni pé ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ tó 30°C, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì inú ilé wo ló máa gbóná tó bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù nínú oṣù Keje? Ọ̀gá wọn wo ẹ̀rọ ẹ̀, ó yíjú sí màmá tó ni ilé iṣẹ́, ó ní, "Màmá, ẹ má bínú, a ò lè kùn ún báyìí o, ẹ jẹ́ ká wo ọ̀sán tí òjò bá dá." Inú Màmá ò dùn, torí ìwé ìpè ìnáwó àwọn èèyàn wà nílẹ̀ tí wọ́n ń retí, ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Oníṣẹ́ tó lè sọ irú ẹ̀ nígbà tí owó ẹ̀ ṣì kù lọ́wọ́ yín, ẹ má jẹ́ kó lọ.

Kí wọ́n tiẹ̀ tó ṣí agolo kankan ni wọ́n ti lẹ ọ̀rá mọ́lẹ̀, ọ̀rá tó mọ́ gaara, ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀ níbùú lóròó, wọ́n fi téèpù lẹ etí ẹ̀ pa yíká, ó kéré tán wákàtí 16 ló gbọ́dọ̀ fi wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa ṣí i, omi ti sẹ̀ sábẹ́ èyí tó wà nítòsí ilé ìwẹ̀. Páìpù ló ń jò lábẹ́ ilẹ̀! Púlọ́ńbà ní láti wá tún un ṣe, ilẹ̀ sì gbẹ, kí wọ́n tó tẹ̀ síwájú, torí omi tó bá ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ á gbé ẹ̀pọ́ksì náà wú ni, bó ti wù kó lágbára tó. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi ẹ̀rọ lọ ojú ilẹ̀ títí ojú ẹ̀ ò fi dán mọ́, eruku yẹn kì í ṣe kékeré, ẹ fi ọ̀rá bo gbogbo ẹ̀rọ yín dáadáa.

Hádínà tí wọ́n lò ló dùn mọ́ mi jù. Phenalkamine ni, epo inú èèpo kájú ni wọ́n ti ń ṣe é! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí apá Ògbómọ̀ṣọ́ á mọ epo yẹn, òun ló máa ń bó ọmọdé lẹ́nu tó bá fi eyín pa kóró kájú tútù. Wọ́n máa ń yọ kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ cardanol nínú ẹ̀, wọ́n á fi kẹ́míkà mìíràn, formaldehyde, so ó mọ́ àmáìnì, ohun tó máa jáde níbẹ̀ máa ń fara da ọ̀rinrin ju ọ̀pọ̀ hádínà yòókù lọ, blush ẹ̀ sì kéré. Kájú tá à ń jẹ tá à ń da èèpo ẹ̀ nù! Àléébù ẹ̀ ni pé ó máa ń pọ́n, ẹ má retí funfun báláú lọ́dọ̀ ẹ̀, wọ́n ti sọ ìyẹn fún wa ṣáájú, àwọ̀ eérú la sì mú.

Ooru tún ni ọ̀rọ̀ mìíràn. Tí ooru bá fi 10°C lé sí i, bí ọ̀dà yìí ṣe ń dì máa ń yára tó nǹkan bí ìlọ́po méjì, nítorí náà tí wọ́n bá kọ ọ́ sára agolo pé wákàtí kan lẹ lè fi lò ó lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá pò ó ní 25°C, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e lọ́sàn-án Èkó. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n ń pò, kíá ni wọ́n ń dà á sílẹ̀ tí wọ́n ń fi rólà tẹ́ ẹ, torí èyí tó bá pọ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì máa ń gbóná fúnra ẹ̀ débi tó fi máa rú èéfín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n gbà ká gbé ẹ̀rọ padà.

Níta níbi tí oòrùn ti ń pa á, wọ́n fi ọ̀dà mìíràn tó ń jẹ́ polyurethane bo orí ẹ̀. Oòrùn ò bá ẹ̀pọ́ksì rẹ́ rárá, ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò rí ló ń já ara résìn yẹn, á kọ́kọ́ pọ́n, lẹ́yìn náà ẹ ó fọwọ́ kàn án, ẹ̀fun ló máa kù sọ́wọ́ yín. Bákan náà, ẹ má jẹ́ kí fínígà tàbí asítóònù pẹ́ lórí ẹ̀.

Ìràwọ̀ kan tí mo yọ: ọwọ́ lásán làwọn ọmọṣẹ́ wọn fi ń po hádínà. Àmáìnì yẹn máa ń dá egbò síni lára, tí ara bá sì ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ìwọ̀nba kékeré máa ń mú un padà, ọmọ kékeré ni méjì nínú wọn, apá wọn ti ń yún wọn. Mo bá ọ̀gá wọn sọ ọ́, ó ní òun á ra ìbọ̀wọ́, wọ́n parí iṣẹ́ mi ò rí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún wọn, ẹ ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí wọ́n ń pè ní nitrile sílẹ̀ fáwọn ọmọ yẹn, kẹ́ ẹ yọ owó ẹ̀ nínú owó iṣẹ́ ọ̀gá wọn.